Gbígbé Ìlù Gángan Wọ Bàálù: Láti Ọ̀yọ́ Títí Dé Òkè Òkun

Ìyáàlù, ìyẹn ìlù tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́ dùndún, ni mo kọ́kọ́ gbé rìnrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lókè òkun ló bẹ̀ mí. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ ìlù lílù, ó sì fàáké kọ́rí pé ìlù tí wọ́n ṣe ní Ọ̀yọ́ ni ọmọ òun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e kọ́ èjìká dé ẹnu ọ̀nà bàálù, ṣaworo ń dún. Òṣìṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní kò lè wọlé, ikùn bàálù ló ń lọ. Wọ́n so ìwé pélébé mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí mo tún fojú kàn án lórí bẹ́líìtì tí ẹrù ń gbà jáde, ojú kan ti là láti etí dé etí bí ètè tí ọyẹ́ mú. Ọmọ náà sì wà níta tó ń dúró dè mí.

Láti ìgbà náà mo ti gbé ìlù mẹ́ta mìíràn kọjá òkun, kò sí èyí tó ya, nítorí pé òkè níbi tí èmi náà jókòó sí ni gbogbo wọn wà. Ohun tí mo rí dì mú ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ìlù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó sanwó rárá.

1. Ẹ wọn ojú ìlù kí ẹ tó ná an

Ẹ mú téèpù ìránṣọ dání bí ẹ bá ń lọ ra ìlù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wo gígùn rẹ̀, wọn a ní "èyí á wọlé, kò gùn." Kì í ṣe gígùn ló ń dá ìlù padà. Ojú rẹ̀ ni.

Ẹ wo ìwọ̀n ẹrù ọwọ́ tí àwọn tó ń gbé èrò jáde ní Èkó fi lélẹ̀. Ti British Airways jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 sí 45 sí 25. Ti Virgin Atlantic jẹ́ 56 sí 36 sí 23. Delta ní 56 sí 35 sí 23, Qatar Airways sì ní 50 sí 37 sí 25. Nọ́ńbà tó kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú: 25, 23, 23, 25. Àpótí aṣọ tó bá fẹjù ṣeé fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, yóò sì wọlé. Ìlù rí róbótó ní tirẹ̀. Ẹ gbé e nàró, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìbú ojú rẹ̀ kò ní yí padà. Nítorí náà, ojú ìlù, pẹ̀lú òrùka tó yí i ká àti àpò tí ẹ ó fi sí, kò gbọdọ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 23. Bí àpò àti fóòmù inú rẹ̀ bá jẹ sẹ̀ǹtímítà kan ní apá ọ̀tún, tó jẹ òmíràn ní apá òsì, ẹ rí i pé ìlù tí ojú rẹ̀ jẹ́ 20 tàbí 21 ni ó yẹ kí ẹ máa wá.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa ni pé gángan àti kànnàngó, àwọn tó kéré nínú ẹgbẹ́ dùndún, lè bá yín jókòó. Ìyáàlù tó gbé ṣaworo yíká etí kò lè ṣe é, àfi bí ẹ bá ra ìjókòó fún un. Inú mi kì í dùn láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyáàlù ni ọba nínú ẹgbẹ́ dùndún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ìlù rẹ̀ dé láyọ̀ ní láti gbà pé téèpù kì í purọ́. Ẹ tún wo ojú ìwé ilé iṣẹ́ bàálù yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó rìn, nítorí wọ́n máa ń yí ìwọ̀n padà.

Ní ti ìwọ̀n kílò, gángan kì í wúwo. Qatar gba kílò 7, Virgin gba 10; ìlù nìkan kò lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òun ni yóò dúró fún ẹrù ọwọ́ yín. Báàgì kékeré tó ń wọ abẹ́ ìjókòó nìkan ni ẹ tún lè gbé mọ́ ọn, kí oúnjẹ, oògùn àti ìwé yín wà nínú rẹ̀.

2. Ohun tí ẹ ó sọ fún ẹni tó ń ṣe ìlù

Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìlù náà ń lọ sókè òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò yàtọ̀ bó bá mọ̀. Ẹ ní kó fá irun awọ náà tán pátápátá, kó má ku ẹyọ kan ní ìdí òrùka, níbi tí ojú kì í tètè dé. Kò gbọdọ̀ sí ẹran tó gbẹ mọ́ inú awọ. Kí igi rẹ̀ má ní ihò kòkòrò. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n tí ìyẹ̀fun igi ń já bọ́, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ mú òmíràn.

Kì í ṣe fáàrí ni àwọn aṣọ́bodè òkè òkun ń ṣe tí wọ́n bá fara balẹ̀ wo awọ ẹran. Ní New York lọ́dún 2006, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìlù kó àìsàn anthrax lára awọ ẹran gbígbẹ tó mú wá láti Ivory Coast. Orí yọ ọ́. Ní London lọ́dún 2008, ọkùnrin mìíràn tó ń ṣe ìlù kó o, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ẹni tó ń fá awọ, tó ń gbọn eruku rẹ̀ símú, ni ewu náà pọ̀ fún jù. Ìlù tí wọ́n ti ṣe parí kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó gbé ìlù yín lọ́wọ́ kò mọ ibi tí awọ náà ti wá. Ohun tó rí ló máa fi ṣèdájọ́. Ìlù tó mọ́ nigín-nigín ló ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ṣe ìlù máa ń fi ìfẹ́ ṣe tó lè kó yín sí wàhálà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ń lọ síbi tó jìn, wọn a ká awọ tútù kan tàbí méjì fún yín ní ẹ̀bùn: "Bí ojú kan bá ya, kí ẹ rí nǹkan fi pààrọ̀ rẹ̀." Ẹ dúpẹ́, ẹ má gbà á. Awọ ẹran tí wọn kò tíì ṣe wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó jáde kúrò nílùú, yálà ẹyọ kan ni tàbí ẹgbẹ̀rún. Ibi tí ẹ ń lọ pàápàá kò ní gbà á.

3. Ìwé

Ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́, iye owó, àti ọ̀rọ̀ náà gan-an pé ìlù tuntun ni. Ẹ ya fọ́tò ìlù náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́, kí èèpo igi tí wọ́n gbẹ́ wà nílẹ̀. Fọ́tò yẹn ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí rẹ̀ ni pé òfin Nàìjíríà kò gbà kí ohun àtijọ́ jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments, àwọn tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó bá rí igi gbígbẹ́ lè ní ohun àtijọ́ ni. Ìwé kan wà tí àjọ náà máa ń fún èèyàn láti fi hàn pé ohun tó gbé kì í ṣe ohun àtijọ́. Ẹ lè béèrè rẹ̀ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Alálùbọ́sà ní Ìbàdàn, tàbí èyí tó wà ní Oníkan l'Ékòó. Ẹ má fi í sí ọjọ́ tó kù ọ̀la kí ẹ rìn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá jẹ́ ìlù tí bàbá ńlá yín fi lélẹ̀ ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé. Ìlù tuntun ni kí ẹ gbé.

4. Dídẹ ọ̀sán àti dídì í

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, nítorí ibí ni ojú ìyáàlù mi ti ya, n kò sì mọ̀ nígbà náà.

Ẹ ronú sí bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sán, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, ló so ojú kìíní mọ́ ojú kejì. Bí apá onílù bá fún ọ̀sán, ojú méjèèjì á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ apá, ohùn á sọ̀kalẹ̀. Wàyí o, ẹ wá ki ìlù yìí sáàárín aṣọ nínú àpótí tó kún dẹ́nu, tàbí kí wọ́n kó àpótí mẹ́wàá lé e lórí nínú ikùn bàálù. Aṣọ àti àpótí yẹn ti di apá onílù. Wọn yóò fún ọ̀sán láti Èkó títí dé ibi tí ẹ ń lọ, wákàtí mẹ́wàá, wákàtí méjìlá, láìdẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ inú bàálù sì gbẹ ju ti ọyẹ́ wa lọ nígbà mìíràn. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ ìdá 20 nínú ìdá 100. Awọ tó ń gbẹ máa ń súnkì. Tí ó bá ń súnkì tí nǹkan sì ń fún ọ̀sán rẹ̀, ibo ni kó gbà? Yóò ya.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni: ẹ dẹ ọ̀sán kí ẹ tó kúrò ní Ọ̀yọ́, kí ẹ sì dì í lọ́nà tí ohunkóhun kò fi ní kan ọ̀sán náà.

Ẹni tó ṣe é ni kí ẹ jẹ́ kó dẹ̀ ẹ́. Bàbá tó ń ṣe ìlù fún mi gbé gángan náà sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó fi ìka wá ibi tí wọ́n ti so ìdí ọ̀sán, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ yíká, bí ìyá tó ń tú irun orí ọmọ tí kò fẹ́ kó sunkún. Bó bá tú ibì kan, á fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìlù, á gbọ́ bó ṣe ń dáhùn, kó tó bọ́ sí ibi tó kàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú tú u tán." Ó wò mí. "Rárá o, ọmọ mi. Bí a bá tú u tán, òrùka á yẹ̀. Bí òrùka bá ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlù yìí kò ní fọhùn bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́." Nígbà tó ṣe tán, àtàǹpàkò mi wọlé díẹ̀ nígbà tí mo tẹ àárín ojú ìlù náà, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ibi tó yẹ kó dúró nìyẹn.

Ó kan dídì. Ẹ wá páálí tó le, irú èyí tí wọ́n fi ń kó tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ká a yí ìlù po láti ojú kan dé ojú kejì, kí ó dúró lórí òrùka méjèèjì, kí àárín rẹ̀ ṣófo. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ ti ìka yín bọ ibi ìbàdí ìlù kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa: ààyè gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀sán àti páálí. Ẹ gé fóòmù róbótó méjì bo ojú méjèèjì. Ẹ má ki ìbọ̀sẹ̀ tàbí aṣọ sí ìbàdí rẹ̀ láti fi dí àyè, bó ti wù kí àyè yẹn dára tó lójú yín.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ lè rán àpò tó bá a mu, tó ní okùn èjìká. Kí síìpù rẹ̀ gbòòrò tó láti yọ ìlù jáde kíákíá, nítorí wọn yóò ní kí ẹ yọ ọ́.

Kọ̀ǹgọ́, ọ̀pá tí a fi ń lu ìlù, kò gbọdọ̀ bá yín wọ òkè. Òótọ́ ni pé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò máa ń gbà kí èrò gbé ọ̀pá ìlù wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ kọ́dọrọ tó sì le bí egungun sì lè dà bí ohun ìjà lójú ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi sínú àpótí tó ń lọ sí ikùn bàálù. Òrí tí ẹ fẹ́ fi máa pa ọ̀sán lára, ẹ fi òun náà síbẹ̀, nítorí ohunkóhun tó bá rí bí ìpara kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ẹrù ọwọ́.

5. Láti Ọ̀yọ́ dé Èkó

Ẹ má fi ìlù sí búùtù ọkọ̀. Oòrùn ọ̀sán lórí irin búùtù tí wọ́n ti pa dé yóò gbẹ awọ náà kó tó rí bàálù. Orí ẹsẹ̀ yín ni kó wà. Èmi fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin: ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ máa ń kan Mọ́níyà kó tó wọ Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Èkó ti ń gbéra. Ẹ lè sọ̀ ní Agége, kí ẹ wọ takisí lọ sí Ìkẹjà. Ẹ wo àsìkò rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ má bàa pẹ́.

6. Nídìí ẹ̀rọ ayẹ̀wò

Ìlù ṣófo, ojú rẹ̀ méjèèjì sì padé. Ohun tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ́kàn nìyẹn, ẹ má bínú sí wọn. Ẹ kí wọn dáadáa: "Ẹ kúuṣẹ́ o. Ìlù ni mo gbé, tuntun ni, rìsíìtì àti fọ́tò rẹ̀ rèé." Ẹ yọ ọ́ jáde fúnra yín, ẹ bọ́ páálí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi í kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣí ojú rẹ̀, ẹ fi sùúrù béèrè kí wọ́n tún un gbé gba inú ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn, tàbí kí wọ́n pe ọ̀gá wọn wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ di ojú le lé lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìlù wá bá yín pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fún àbúrò mi," ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń lọ sí ilé ìjọsìn kan náà. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè ṣí i wò. Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ lọ ra ìlù mìíràn fúnra yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí òun sì dá owó yín padà.

7. Ẹnu ọ̀nà bàálù

Ẹ tètè wọlé. Bí pẹpẹ òkè orí bá ti kún, ìjà ti parí nìyẹn. Bí wọ́n bá pe ìlà yín, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà ni ẹ wọ̀, òfin wà lẹ́yìn yín. Ìjọba wọn fi sínú òfin ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012, ìlànà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2015: ohun èlò orin kékeré tó bá lè wọ pẹpẹ òkè tàbí abẹ́ ìjókòó láìséwu, tí àyè bá wà nígbà tí ẹ wọlé, wọn kò lè kọ̀ ọ́, wọn kò sì lè gba owó lórí rẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù ọwọ́ yòókù. Èyí tó bá tóbi, ẹ lè ra ìjókòó fún un, bí kò bá ju kílò 75 lọ. Ẹ tẹ ojú ewé kan lára rẹ̀ sórí ìwé, ẹ fi sápò. Ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ mìíràn kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ̀bẹ̀ ni ẹ ó fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Lórí pẹpẹ, ẹ fi ìlù dùbúlẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ká jákẹ́ẹ̀tì sí iwájú rẹ̀. Ẹ dúró tì í títí wọn yóò fi ti pẹpẹ náà. Táyà àpótí ẹlòmíì ló máa ń lu ojú ìlù.

Bí wọ́n bá ní dandan, ikùn bàálù ló ń lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé e fún yín lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù nígbà tí ẹ bá sọ̀, kó má gba orí bẹ́líìtì. Páálí yẹn yóò ṣe ohun tó lè ṣe. Ní ti ẹni tó mọ̀ láti ilé pé ìyáàlù òun kò ní bá òun jókòó, ẹ fi fóòmù yí i ká nínú garawa ọ̀dà ńlá tó bá lè gbà á, èyí tó ní ìdérí, kí garawa gba ìyà dípò rẹ̀.

8. Ní ibi tí ẹ dé sí

Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ gbé ohun tí a fi ẹran tàbí igi ṣe, ẹ ní "bẹ́ẹ̀ ni." Ní Amẹ́ríkà àti ní Australia, ohun tí ẹ bá sọ, wọn yóò wò ó, wọ́n sì lè fún yín padà; èyí tí ẹ bá fi pamọ́ tí wọ́n fúnra wọn rí, owó ìtanràn ló ń tẹ̀lé e. Ẹ sọ pé awọ ewúrẹ́ ni, ó ti gbẹ, wọ́n ti fá a, ìlù ni.

Bí ẹ bá délé, ẹ má tíì fún ọ̀sán o. Ẹ yọ páálí kúrò, ẹ gbé ìlù sí yàrá tí èèyàn ń gbé, kó jìnnà sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé móoru, kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀sán padà yíká, díẹ̀ ní àárọ̀, díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀ bí bàbá yẹn ti ṣe. Bó bá di ọjọ́ kẹta, tí àtàǹpàkò kò wọlé mọ́, tí ohùn sì ń gòkè bí ẹ bá fún un lábẹ́ apá, ẹ lè lọ mú kọ̀ǹgọ́ jáde nínú àpótí.